Iná Ọ̀sán Láàárín Ààwẹ̀

Ojú ìwé kọkànlélọ́gọ́rin ni mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi pàdé. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó ti kú sójú ogun, n kò sì rí i rí kí ẹnikẹ́ni kọ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀ sínú ìwé, nítorí náà inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo yọ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún gbé e sójú. Lẹ́yìn náà ni mo wá ka ohun tí wọ́n kọ: "Ẹ̀rù ba ládánì wa, ọmọ Ìlọrin kan. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn ló sì tú àṣírí wa fún ọ̀tá. Ọmọkùnrin márùn-ún kú lọ́jọ́ náà nítorí ojo kan ṣoṣo."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, èdè Yorùbá sì ni mo kọ́ àwọn ọmọ. Bí mo bá rí gbólóhùn tí kò dára, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ara mi ni bóyá ẹni tó kọ ọ́ ṣe àṣìkọ. Èyí kì í ṣe àṣìkọ. Ó ti ronú sí i kó tó kọ ọ́.

Ẹni tó kọ ọ́ ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Orúkọ tí gbogbo àdúgbò rẹ̀ ní Basin, nínú ìlú Ìlọrin, ń pè é nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀ kí wọ́n tó bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Òun ni ọ̀gá ẹ̀gbọ́n mi nígbà ogun abẹ́lé. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún báyìí, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ tẹ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde ní Yorùbá, kí àwọn ará ìlú rẹ̀ ní apá Gúúsù Kwara lè rí i kà. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan, tó ń kọ́ni ní yunifásítì, ló gbé ìwé náà wá bá mi nílé mi ní Tanke, nínú àpò ọ̀rá, pẹ̀lú búrẹ́dì ńlá méjì.

"Mọ́mì, Dádì ní ẹ̀yin nìkan làwọn fọkàn tán. Ẹ bá wa wo àwọn àmì ohùn rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ mà."

"Ṣé Dádì rẹ sọ fún ọ pé ẹ̀gbọ́n mi wà nínú rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n ní inú yín máa dùn láti rí i."

Mo jẹ búrẹ́dì náà. N kò mọ ohun tó wà nínú ìwé nígbà yẹn.

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́, nítorí pé ẹnikẹ́ni tó kù láyé tó mọ̀ ọ́n kò ju èmi àti Kọ́nẹ́ẹ̀lì lọ.

Àfáà ni bàbá wa. Ilé kéú rẹ̀ wà ní gbàgede ilé wa, láàárín ìlú àtijọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ wa ní wàláà kí n tó lọ sílé-ìwé àwọn òyìnbó. Láyé ìgbà yẹn, kò sí ẹ̀rọ agbóhùnsókè ní mọ́sáláṣí púpọ̀. Ládánì a dúró sí ẹnu ọ̀nà tàbí orí àkàbà, a ki ọwọ́ bọ etí, a pe ìrun pẹ̀lú ọ̀nà ọ̀fun tí Ọlọ́run fún un. Orí ẹní tí a sùn sí la ti máa ń mọ ládánì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ti ọ̀dọ̀ wa há lọ́fun. Ti òkè ọjà máa ń fa ìparí gùn bí ẹni ń fa okùn. Ti ìsàlẹ̀ sì jẹ́ arúgbó kan tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, tí yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín kó tó máa bá a lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi lè ṣe gbogbo wọn. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá tó ti ń ṣe arúgbó ìsàlẹ̀ títí kan ikọ́ rẹ̀, tí àwọn ọmọ kéú á máa yí lórí ẹní fún ẹ̀rín. Bàbá wa nà án nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ládánì mọ́sáláṣí wa ṣàìsàn, òun náà ni bàbá ní kó máa pe ìrun.

Ó wọ iṣẹ́ sójà lójijì, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nígbà náà. Lọ́dún kejì ogun ni wọ́n fún un láyè láti wá kí wa fún ọjọ́ mẹ́rin, ìgbà náà ló sì sọ ìtàn afárá fún èmi àti ìyá wa, bó ti ń jẹ ẹ̀wà tí ìyá wa sè fún un.

"Àwa mọ́kànlá péré ni, ọ̀gá wa ni ìkejìlá. Odò kan wà láàárín àwa àti wọn, pẹ̀lú afárá onípákó. Wọ́n tó ọgọ́ta. Ọkọ̀ tó ń kó àwọn èèyàn tiwa bọ̀ ti kú sọ́nà. Ọ̀gá ní ká padà."

"Kí ló dé tí ẹ ò padà?" ni ìyá wa bi í. "Ṣé pípadà ṣòro ni?"

"Ìyá, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Mo ní, 'Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká pe ìrun.' Ó ní, 'Ṣé ìrun lo rí rò báyìí?' Mo ní kí wọ́n pín márùn-ún nínú wa sí etí odò, kí a jìnnà síra. Bí àsùbáà bá tó, kí kálukú pè é níbi tó wà. Ẹni tó bá gbọ́ ìrun láti ibi márùn-ún, á gbà pé bùdó márùn-ún ló yí òun ká. Ta ló máa rò pé èèyàn márùn-ún péré ni?"

"Ṣé Mùsùlùmí márùn-ún wà nínú yín ni?"

"Mẹ́ta. Mo fi ọjọ́ kan kọ́ àwọn méjì yòókù. Ọ̀kan, bàbá rẹ̀ ni pásítọ̀."

Ìyá wa gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ọmọ pásítọ̀ pe ìrun?"

"Ó pè é ju ti Àfáà lọ, Ìyá. Ìbọn ló kọ́ ọ."

Ìyá wa rẹ́rìn-ín títí tó fi ń nu ojú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n pe ìrun náà, àwọn ará òdìkejì ti lọ. Wọ́n bá ìkòkò kókò lórí iná, kò tíì jinná. Kò sí ẹni tó yìnbọn kankan, kò sí ẹni tó kú, ní òdìkejì tàbí níhìn-ín. Mo máa ń ronú nípa ìyẹn gan-an. Nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́ nípa ogun yẹn, ìyẹn nìkan ni mo lè sọ pé ó mọ́.

"Kí ni wọ́n fún yín?" ni mo bi í.

"Wọ́n gbé ọ̀gá wa ga, wọ́n fi irin kún èjìká rẹ̀. Èmi gba mílíìkì agolo méjì." Ó ki ọwọ́ bọ inú àpò rẹ̀, ó gbé ọ̀kan síwájú ìyá wa. "Ọ̀kan rèé."

N kò tún rí i mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ó kú láàárín ààwẹ̀ Ràmàdáànì tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu, ọ̀gá rẹ̀ wá bá bàbá wa kẹ́dùn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni nígbà náà, kò tíì sanra, kò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń parọ́ láìṣẹ́jú. Mo wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé pẹ̀lú ìyá mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló wọ etí mi, n kò sì gbàgbé ìkankan nínú rẹ̀.

Ó ní iṣẹ́ afárá ti dùn mọ́ àwọn ọ̀gá òun, wọ́n sì ní kí òun tún ṣe irú rẹ̀ sí i níwájú odò kan náà, níbi tí àwọn ọ̀tá tún ti kó jọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kó má bàa jẹ́ ohùn nìkan, òun ní kí wọ́n dá ogún iná sẹ́yìn òkè, kí wọ́n ju ewé tútù sí i, kí èéfín rẹ̀ lè gòkè bí èéfín oúnjẹ ogunlọ́gọ̀ sójà. Ọ̀sán ni òun fẹ́ kí wọ́n ṣe é, lásìkò ìrun àílà, kí èéfín náà lè hàn dáadáa.

"Ọmọ yín sọ fún mi, Bàbá," ló wí. "Ó ní, 'Ọ̀gá, ààwẹ̀ la wà. Ẹ jẹ́ ká pe ìrun, tàbí kí ẹ dá iná, ṣùgbọ́n ẹ má pa méjèèjì pọ̀.' Mo rò pé nítorí ẹ̀sìn ló ṣe ń sọ ọ́. Mo ní, 'Ta ló máa mọ̀ lódìkejì?'"

Bàbá wa ní, "Ọlọ́run á dárí jì ọ́," ó sì ní kí wọ́n fún un lómi.

Nígbà tó lọ tán, bàbá mi pè wá. Ó ní ọkùnrin náà ti jẹ́wọ́, àti pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà bú u láéláé. Ìyá mi gbà. Èmi náà gbà lẹ́nu. Bàbá mi ti dárí jì í tọkàntọkàn, mo mọ̀. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá èmi dárí jì í.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò mọ̀ ju ìyẹn lọ. N kò mọ bí àwọn tó wà lódìkejì ṣe mọ̀. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ọkùnrin kan wà ní ọjà Ipata tó ń ta pánla, ọmọ Ígbò ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọjà náà ni wọ́n bí i sí. Àwọn òbí rẹ̀ kó o lọ sílé kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ó sì padà wá jókòó sí ìsọ̀ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ogun. Yorùbá Ìlọrin tó ń sọ mọ́ ju ti àwọn olùkọ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ lọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń ra pánla láti ìgbà tí ọmọ mi kejì wà lẹ́yìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ààwẹ̀ kan, obìnrin kan tó ń dín àkàrà nítòsí fi èéfín bò wá mọ́lẹ̀. Ọkùnrin náà wúkọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí Tíṣà, ẹ wo èéfín ọ̀sán ààwẹ̀! Irú èyí gba ẹ̀mí mi là rí."

"Níbo?"

"Nígbà ogun. Ẹ̀yin ni ọ̀tá wa nígbà yẹn, ẹ má bínú."

"Ẹ̀yin náà ni tiwa," mo dá a lóhùn. "Má bínú."

Ó ń gé pánla bó ti ń sọ ọ́. Ó ní òun wà lára àwọn tí wọ́n lé kúrò létí odò kan nígbà kan, nítorí wọ́n gbọ́ ìrun níbi márùn-ún. Nígbà tí wọ́n padà débẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n tún gbọ́ ọ, lọ́sàn-án, ọ̀gá wọn sì ti ń ní kí wọ́n di ẹrù.

"Ṣùgbọ́n mo wo òkè, mo rí èéfín. Ogún èéfín, Àǹtí! Mo ní, 'Ọ̀gá, mo dàgbà ní Ìlọrin. Oṣù ààwẹ̀ la wà yìí. Àwọn tó ń pe ìrun tó báyìí kò lè máa se oúnjẹ tó báyìí lọ́sàn-án.' Ọ̀gá wa ní, 'Sójà kì í gbààwẹ̀ lójú ogun.' Mo ní, 'Díẹ̀ nínú wọn lè má gbà á, ṣùgbọ́n ogún iná? Àwọn tí kò mọ̀ pé ààwẹ̀ ni ló dá iná yẹn. Wọn ò pọ̀.' A gba òkè odò kọjá, a yọ sí wọn lẹ́yìn. Wọn ò pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Mo jókòó sórí àpò ìrẹsì kan.

"Àwọn tó ń pe ìrun ńkọ́?" ni mo bi í. "Ṣé ẹ̀rù wà lóhùn wọn?"

"Rárá o! Ìrun yẹn dára ju èéfín lọ. Arúgbó kan wà nínú wọn tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, tó ń wúkọ́. Mo sọ fún ara mi pé mo ti gbọ́ arúgbó yìí rí, ní Ìlọrin. Ṣùgbọ́n nígbà tí a débẹ̀, n kò rí arúgbó kankan. Ọmọkùnrin kan ni, lórí àpáta, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà létí." Ó wò mí lójú. "Àǹtí, kí ló ṣe yín?"

Mo sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo yìnbọn fún un?"

"Gbogbo wa la yìnbọn, Àǹtí. N kò lè parọ́ fún yín. N kò mọ̀."

N kò ra pánla lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò fi gba ọ̀nà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n mo padà, mo sì ń ra pánla lọ́wọ́ rẹ̀ títí tó fi kú, nítorí pé òun nìkan ló fún mi ní òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà láìbéèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà kan. Ó ní, "Àǹtí, ta ló fẹ́ kà á?" Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sin sílé wọn.

Nítorí náà, nígbà tí ojú ìwé kọkànlélọ́gọ́rin yẹn dé ọwọ́ mi, bàbá mi ti kú, ìyá mi ti kú, oní-pánla ti kú. Mo mọ òtítọ́, n kò sì ní ẹlẹ́rìí kan. Bí ìwé náà bá jáde bó ti wà, ojo ni ẹ̀gbọ́n mi yóò jẹ́ títí ayé, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹ́rin mìíràn lọ́rùn rẹ̀.

Mo ṣí àpótí bàbá mi. Mo wá inú rẹ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n mi kọ lẹ́tà kankan ránṣẹ́ láti ojú ogun. Kò sí. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí tó jẹ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ni bébà kan láti ìgbà tó wà ní ilé kéú, tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Àjàmí ló fi kọ ọ́, Yorùbá tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, bí àwọn Àfáà ṣe máa ń kọ nǹkan wọn. Ẹ̀kọ́ àlùwàlá ni: kí o fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí o yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo ká a sínú àpòòwé àtijọ́ kan, mo fi sínú pọ́ọ̀sì, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Basin.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì wà ní pálọ̀, lórí àga, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àpótí ìtìsẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àbúrò mi! Tíṣà àgbà! Àṣìṣe mélòó lẹ rí?"

"Ọ̀kan péré ni, sà."

"Ọ̀kan!" Ó lu itan. "Ṣé o gbọ́? Mo sọ fún yín pé mo gbọ́ Yorùbá ju gbogbo yín lọ."

"Ojú ìwé kọkànlélọ́gọ́rin."

Ẹ̀rín rẹ̀ kò kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rọra ń lọ.

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo kọ síbẹ̀, àbúrò."

"Kì í ṣe ohun tí ẹ sọ fún bàbá mi nìyẹn. Ẹ ní ó kìlọ̀ fún yín pé ààwẹ̀ ni, ẹ kò kà á sí."

"Ọmọdé lẹ jẹ́ nígbà náà. Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yín. Ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, kò sí ohun tí kò ní gbọ́." Ó yí sí ọmọ rẹ̀, bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́ kó ṣàánú mi. "Mo ní fáìlì ọjọ́ náà. Ìròyìn ológun, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo kọ."

"Ẹ jẹ́ ká wò ó, sà."

"Ó wà nínú yàrá mi lókè."

"Dádì, ẹ jẹ́ n lọ mú un wá," ni ọmọbìnrin náà wí, ó sì dìde.

"Jókòó. Kì í ṣe ibí. Kàdúná ló wà."

Ọmọbìnrin náà jókòó. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé kò sí fáìlì kankan. Ó ń ṣe fún mi bó ti ṣe fún àwọn ọ̀tá rẹ̀ nígbà yẹn: ó ń dáná èéfín. Mo ṣí pọ́ọ̀sì mi, mo yọ àpòòwé náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé sílé," ni mo wí. "Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ikú rẹ̀. Bàbá wa ní ká má fi han ẹnikẹ́ni."

Mo tú bébà náà. Mo gbé e sókè bí mo ti máa ń gbé ìwé sókè níwájú kíláàsì, mo sì kà á pẹ̀lú ohùn tí àwọn ọmọ mi ní kíláàsì ń sá fún. Ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kí o fọ ọwọ́ ọ̀tún ṣáájú òsì ni ojú mi wà. Ohun tí ẹnu mi sì ń sọ ni: "'Ìyá mi, ẹ kú ààwẹ̀. Ọ̀gá wa fẹ́ dá ogún iná lọ́sàn-án. Mo ní kó má pa á pọ̀ mọ́ ìrun, nítorí ààwẹ̀ la wà. Ó ní, ta ló máa mọ̀ lódìkejì?'"

Kọ́nẹ́ẹ̀lì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí àpótí. Ẹni tí kò bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí ì bá ti fi mí rẹ́rìn-ín. Òun sọ ọ́. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti inú bébà kan tí kò lè kà.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ti mú fóònù jáde. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n ya fọ́tò rẹ̀. Olùkọ́ èdè Lárúbáwá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì mi. Yóò tú u fún wa, a ó lè fi sínú ìwé."

Mo na bébà náà sí i. Bí mo bá fà á sẹ́yìn, ó parí.

"Yà á," ni mo wí. "Ẹ gbé e sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Kí gbogbo Ìlọrin kà á."

Ó gbé fóònù sókè.

"Má yà á," ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì wí.

"Dádì?"

"Mo ní má yà á! Gbé fóònù yẹn sílẹ̀." Ó fi ọwọ́ nu ẹnu rẹ̀. Ó wò mí, ó sì dàbí ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. "Kí lẹ fẹ́?"

"Kí ẹ kọ ohun tí ẹ sọ fún bàbá mi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"N ó tún un ṣe."

"Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́."

"Mo ní n ó tún un ṣe, ìyá yìí!"

Nínú kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ padà sí Tanke, mo ń dá rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ fi bi mí bóyá ara mi kò yá. Mo ní ara mi yá gan-an. Òtítọ́ ni.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìwé náà. Wọ́n fi mí sí ìlà kejì. Mo gba tèmi lẹ́nu ọ̀nà, mo ṣí ojú ìwé kọkànlélọ́gọ́rin kí n tó jókòó. Ojo kò sí níbẹ̀ mọ́. Ládánì kò sí níbẹ̀. Mo lọ sẹ́yìn, mo lọ síwájú. Àsùbáà níbi afárá wà níbẹ̀, ó gùn, ó sì dùn, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ ni pé èrò náà sọ sí Kọ́nẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ lọ́kàn bó ti ń gbàdúrà. Láti orí afárá, ìwé náà fò lọ sí ìgbà tí wọ́n gbé e lọ sí Kàdúná. Ọjọ́ àílà yẹn kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ọmọkùnrin márùn-ún tó kú, títí kan ọmọ pásítọ̀ yẹn bó bá wà lára wọn, nínú ìwé náà, kò sí ẹni tó kú mọ́.

Nígbà tó ń fọwọ́ sí ìwé fún àwọn èèyàn, mo dúró sórí ìlà títí ó fi kàn mí. Ó tẹ̀ síwájú, ó rọra sọ ọ́ sí mi létí.

"Mo ti yọ ọ́, àbúrò. Bí ẹ ṣe fẹ́."

Kò bú mi. Ó tilẹ̀ kọ "Sí àbúrò mi ọ̀wọ́n" síwájú ìwé náà. Mo ti rò pé èmi ni mo lé e kúrò létí odò, àṣé ó kàn gba òkè odò kọjá ni. Ohun tí mo lọ gbà kì í ṣe pé kí wọ́n yọ ẹ̀gbọ́n mi. Ṣáájú kí n tó lọ sí Basin, irọ́ ni wọ́n kọ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi mú kí wọ́n pa á rẹ́.

Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn ọmọ mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé àgbàlagbà ni wá, pé àwọn ọmọ Kọ́nẹ́ẹ̀lì lè gbé mi lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n ní mo pa irọ́ fún un. Mo pa á. Bébà tí mo kà ní pálọ̀ rẹ̀, ẹ̀kọ́ àlùwàlá ni, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi, ẹnikẹ́ni tó bá mọ àjàmí lè wá kà á. Ẹ̀gbọ́n mi kò kọ lẹ́tà kankan sílé nípa iná. Èmi ni mo kó ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, ọ̀rọ̀ tó sì jáde lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀ fúnra rẹ̀, ní ilé bàbá mi, ni mo kó sí i.

Kí Kọ́nẹ́ẹ̀lì wá sọ fún ayé pé mo tàn án. Wọn yóò bi í pé kí ló dé tí ẹ̀rù fi bà á níwájú bébà tí kò lè kà. Kí ó dá wọn lóhùn. Títí ó fi máa dá wọn lóhùn, bó ṣe rí nìyí: ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un pé ààwẹ̀ ni. Ó gbọ́. Ó ní kí wọ́n dá iná náà.